Kámẹ́rà tòkunbọ̀ kékeré: ohun tí wọ́n máa ń bi mí ní Abẹ́òkúta

Adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, n ò ta kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fi kámẹ́rà kékeré ya aṣọ fún àwọn oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í yà sí ìsọ̀ mi béèrè pé, "Màmá, irú kámẹ́rà wo nìyí? Mo fẹ́ ra irú ẹ̀, àmọ́ owó ò pọ̀ lọ́wọ́." Mo ti sọ ọ́, sọ ọ́, ẹnu ń ro mí. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí bí wọ́n ṣe bi mí, àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe?

Bí fóònù yín bá ń tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn. N ò ní tàn yín. Lálẹ́, tàbí nínú yàrá tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, fóònù tuntun tó dáa máa ya fọ́tò tó mọ́ ju ti kámẹ́rà kékeré ọdún 2010 lọ. Fóònù máa ń ya bíi mélòó kan tẹ̀ léra wọn, á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Kámẹ́rà àtijọ́ ò mọ idán yẹn.

Ibi tí kámẹ́rà ti ń na fóònù ni ohun tó bá jìnnà. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ń nà jáde, ó ń fa nǹkan mọ́ra, àwòrán náà ò sì ní fọ́. Ẹ dúró nísàlẹ̀ Olúmọ, kẹ́ ẹ fi fóònù pọ́ọ́kú ya ọmọ yín tó ti gun òkè: ohun tó dà bí èèrà lẹ máa rí. Fláàṣì náà tún ń bẹ níbẹ̀. Iná ẹ̀yìn fóònù, tọ́ọ̀ṣì lásán ni. Ti kámẹ́rà máa ń kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, á mú ẹni tó ń jó dúró gbọnin, gèlè ò ní rí wúruwùru lójú fọ́tò. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni pé kámẹ́rà kì í dún. Bí mo bá ń ya aṣọ, kò sí ẹni tó máa pè mí lórí rẹ̀ béèrè iye tí ọ̀pá kan jẹ́.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á?

Bátìrì àti ṣájà rẹ̀. Ẹ béèrè wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo rà, ọwọ́ ẹnì kan tó kó ẹrù dé láti òkè òkun ni mo ti rà á. Dúdú ni, ó ń dán, àpá kankan ò sí lára rẹ̀. Ó tàn án níwájú mi, lẹ́ǹsì rọra jáde, mo ya ọ̀gbẹ́ni náà, ó ya èmi náà, a jọ rẹ́rìn-ín. Mo sanwó. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ti bátìrì mìíràn ni ṣájà tó fún mi. Kò tilẹ̀ jókòó sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bátìrì tán. Oṣù méjì gbáko ni kámẹ́rà yẹn fi jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n bí òrìṣà tí wọn ò bọ mọ́, kí ọmọ àbúrò mi tó bá mi rí ṣájà rẹ̀ ní Ọ̀tìgbà, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, tí mo ro bátìrì kejì tí mo ní kó rà mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì owó tí mo fi ra kámẹ́rà náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka orúkọ bátìrì kí n tó ka orúkọ kámẹ́rà. Ara bátìrì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. NB-6L ni Canon S90 àti S95 ń lò, ó tún wọ ọ̀pọ̀ Canon IXUS. NB-7L ni ti Canon G10, G11 àti G12. NP-BX1 ni Sony RX100 ń lò. Bátìrì tó bá ń wọ kámẹ́rà púpọ̀ kì í ṣòroó rí, torí ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe àfijọ rẹ̀. Àfijọ ò burú, mo ní méjì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó ojúlówó. Èyí tó bá ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, ẹ má fi sínú kámẹ́rà rárá: ó lè há síbẹ̀, ó sì lè gbiná.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ náírà mẹ́wàá lẹ ní, ẹ wá kámẹ́rà náírà méje. Bátìrì kejì àti káàdì ló máa jẹ ìyókù.

Àwọn tó ń lo bátìrì aago ògiri ńkọ́?

Ẹni tí iná ìjọba ń ṣe bó ṣe wù ú ládùúgbò rẹ̀, àwọn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un. Canon PowerShot A590 IS ti ọdún 2008, A495 ti 2010, A1200 ti 2011, méjì-méjì ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọ̀pọ̀ Nikon Coolpix tí L bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn náà ń lò ó. Láti Kútọ̀ dé Láfẹ́ńwá, ibi tẹ́ ẹ bá yà sí, ẹ máa rí i rà.

Àmọ́ bátìrì olówó pọ́ọ́kú tó ń gbé aago ògiri fún oṣù mẹ́fà lè má gbé kámẹ́rà kọjá fọ́tò díẹ̀. Fláàṣì ni, ó ń fa ẹ̀mí rẹ̀ jáde. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Alkaline sí lára. Èyí tó dáa jù ni èyí tó ṣeé ṣájì, tí wọ́n kọ NiMH sí: ẹ ra mẹ́rin, kí méjì máa ṣiṣẹ́, kí méjì máa jẹun.

A590 àti A1200 tún ní ihò kékeré kan lẹ́yìn tí a lè fi ojú kan wò. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa sikirínì yín lórí àpáta, ihò yẹn lẹ máa sáré lọ bá.

Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì mélòó ló tó?

Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì kan, mílíọ̀nù kan ojú tín-ín-tín tó pa pọ̀ di fọ́tò ni. Mẹ́wàá tó, ó tún ṣẹ́kù. Fọ́tò 4 by 6 tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù ò gbà ju 1,200 nílọ̀ọ́po 1,800 lọ, ìyẹn mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. 8 by 10 tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ sí pálọ̀, mílíọ̀nù méje ó lé díẹ̀ ni. Lọ́dún 2008, Canon gbé G10 jáde pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 14.7. Lọ́dún kejì tí wọ́n máa gbé G11 jáde, wọ́n gé e kù sí mẹ́wàá, kí àwòrán ibi tí kò mọ́lẹ̀ lè dáa sí i. Àwọn tó ṣe é gan-an ló padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wá ń pariwo fún yín pé ogún mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì ni tòun, ẹ bi í pé bátìrì rẹ̀ dà.

Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ló ṣe pàtàkì. Kí nìyẹn?

Òun ni ojú tó wà nínú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Bí òjò bá ń rọ̀, tẹ́ ẹ gbé ife kan àti agbada kan sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ mọ èyí tó máa gba omi jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní 1/2.3, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 ní 4.6 lọ; ó kéré sí èékánná ìka ọmọdé. Ti Canon S90, S95 àti G11, tó jẹ́ 1/1.7, tó nǹkan bíi 7.4 ní 5.6. Ti Sony RX100 jẹ́ 13.2 ní 8.8, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí òkùnkùn bá ń ṣú lẹ máa rí ìyàtọ̀ wọn. Lójú oòrùn Abẹ́òkúta, gbogbo wọn ló ń rí oúnjẹ jẹ.

Ó dáa, ẹ dárúkọ. Èwo ni kí n rà?

Bí owó yín ò bá pọ̀ rárá: èyíkéyìí nínú àwọn oníbátìrì aago ògiri tí mo kà sókè yìí, tàbí IXUS kan tí bátìrì àti ṣájà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀.

Bí ọwọ́ yín bá lè nà díẹ̀, Canon S90 (2009) tàbí S95 (2010), tàbí Panasonic LX3 (2008) tàbí LX5 (2010), tàbí Olympus XZ-1 (2011). Lẹ́ǹsì wọn là ju ti àwọn yòókù lọ, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín yí ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí. Àwọn wọ̀nyí lọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn.

Bí owó bá wà, Sony RX100 àkọ́kọ́, ti ọdún 2012. Wọ́n ti ṣe èyí tó tuntun jù ú lọ léraléra, àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ẹ má yá owó rà á ṣáá.

Kí ló dé tí kámẹ́rà ògbólógbòó tún wá ń wọ́n?

Àwọn ọmọ ìwòyí ni! Wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ máa ń rí bíi ti ìgbà tí wọ́n bí àwọn. Èyí tí wọ́n ń jù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Owó dọ́là náà ò sì jẹ́ kí tòkunbọ̀ kankan sinmi.

Níbo ni mo ti lè rí i ní Abẹ́òkúta?

Ilé yín. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Nǹkan bí ọdún 2008 sí 2013, kò sí ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí kì í gbé kámẹ́rà kékeré bọ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n ya ìkómọ kan, wọ́n ya ọjọ́ ìbí kan, fóònù dé, wọ́n sọ kámẹ́rà sínú dúróà. Ẹ bi bùrọ̀dá yín, ẹ bi àǹtí yín ní Ìjẹ̀bú, ẹ sọ fún ìyá àgbà kí wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí mo gbà fún ọmọ mi ọkùnrin, inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà pẹ̀lú ṣájà, pẹ̀lú ìwé. Àkàrà àti àdúrà ni mo fi san án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi àwọn tó ń ta fóònù ní Pánsẹ́kẹ́ léèrè, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ tún bi àwọn fotógíráfà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́; ọ̀pọ̀ wọn ló ní èyí tí wọn ò lò mọ́, wọ́n sì máa ń tọ́jú nǹkan.

Bí kò bá sí, Ọ̀tìgbà yẹn náà ni. Mo máa ń wọ rélùwéè láti Ládérìn, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, mo ń sọ̀ ní Agége, mo sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Ọjà tẹ́ ẹ bá rà nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sá fún yín, ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé mo lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ lè rí i níbẹ̀, lórí Facebook tàbí Jiji. Ṣùgbọ́n owó yín ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí kámẹ́rà tó dé ọwọ́ yín. Ẹ pàdé ní gbangba, lọ́sàn-án. Bí ẹni náà bá ní òun wà ní ìlú mìíràn, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ tún wo inú káàdì tó bá kó mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí fọ́tò ìyàwó àti ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ò sì lè sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ẹ gbé e padà fún un. Ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ mú káàdì tara yín lọ, àti àkísà funfun tó mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilé bátìrì. Bí ẹ bá rí nǹkan àwọ̀ ewé tàbí lẹ́búlẹ́bú funfun lára irin inú rẹ̀, bátìrì kan ti jò síbẹ̀ rí. Ẹ wo àwọn ìdè (síkúrù) tó wà lára rẹ̀: bí orí wọn bá ti họ, ẹnì kan ti tú u, ẹ bi í ìdí.

Wàyí o, ẹ gbé e sétí. Ẹ tàn án, ẹ pa á, ẹ tàn án, ẹ pa á, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kí ẹni tó ń tà á máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Lẹ́ǹsì tó dáa ń jáde bí ẹni tó ń yọ́ rìn. Èyí tí yanrìn ti wọ̀ máa ń han ṣẹ̀ẹ̀, bíi ìgbà tí a bá jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹ nà án dé òpin, ẹ fà á padà. Bó bá lọ́ tìkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀, torí nílé yín, òun náà ló máa kọ̀ jáde lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹ ya ojú ọ̀run, tàbí ògiri funfun, kẹ́ ẹ sì fa àwòrán náà sún mọ́ra lójú sikirínì. Àmì dúdú róbótó tó bá wà níbì kan náà nínú fọ́tò méjì, eruku ti wọ inú sẹ́ńsọ̀. Ẹ ò lè fi àkísà nù ún. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́ǹsì, ẹ yà á: bí ìràwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé bá hàn nínú òkùnkùn yẹn, ojú díẹ̀ ti kú nínú sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹyọ kan tàbí méjì ò pa ènìyàn, ẹ fi gé owó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọ inú lẹ́ǹsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí okùn aláǹtakùn, lẹ́ǹsì náà ti bu bí búrẹ́dì tó pẹ́, kò sì ní í dúró síbi tó dé.

Ó ku fláàṣì, ó ku gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku déètì. Bí déètì bá ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ bátìrì, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. Ìyẹn ò burú ju kẹ́ ẹ máa tún un ṣe lọ. Ara rẹ̀ tó họ, mi ò kà á sí. Kámẹ́rà tí wọ́n lò dáadáa ló ń họ.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹ wo nọ́ńbà fọ́tò, pé bí ó bá wà ní IMG_0200, wọn ò tíì lò ó. Ẹ má gbà á gbọ́. Nọ́ńbà yẹn ṣeé dá padà, bó bá sì dé 9999, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kọ "Lens error". Ẹni tó ń tà á ní àtúnṣe kékeré ni.

Kó tún un ṣe, kó tó wá tà á.

Irú káàdì wo ló ń lò?

SD ni kẹ́ ẹ fẹ́. Olympus àti Fujifilm àtijọ́ ń lo xD, Sony tó ṣáájú ọdún 2010 ń lo Memory Stick. Bí ẹ bá ra ọ̀kan nínú wọn láìsí káàdì rẹ̀, ẹ ti ra wàhálà. Kámẹ́rà tó bá sì ti ṣáájú ọdún 2006 lè má mọ káàdì tó ju gígábáìtì méjì lọ, nítorí ọdún yẹn ni SDHC, irú SD tó ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gígábáìtì mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún ti tó yín. Bí kámẹ́rà bá ní òun ò lè kọ nǹkan sí káàdì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ káàdì náà, bóyá ẹ ti ti bọ́tìnì kékeré tó wà níbẹ̀ sí ibi títì pa. Mo ti rí ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ fún oníṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni tèmi ti wá. Ṣé mo lè ki ṣájà rẹ̀ bọ iná wa?

Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, kò sí wàhálà, kẹ́ ẹ kàn wá àdápítọ̀ fún ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ 110 tàbí 120V nìkan, iná wa máa sun ún. Èyí tó bá wá láti Japan, ẹ tàn án kẹ́ ẹ wo èdè rẹ̀: àwọn Sony kan tí wọ́n ṣe fún ọjà ilé wọn kì í gbọ́ ju èdè Japan lọ, kò sì sí bọ́tìnì tẹ́ ẹ lè tẹ̀ tí á fi gbọ́ tiwa.

Adìrẹ mi kì í rí bó ṣe rí lójú. Aró á di búlúù ọ̀run, tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìbéèrè tèmi gan-an nìyí, òun ló jẹ́ kí n mọ gbogbo èyí tí mo ń sọ. Oníbàárà kan dá ìró adìrẹ ẹlẹ́kọ padà fún mi rí, ó ní dúdú lòun bá, búlúù lòun rà. Kò purọ́. Fọ́tò mi ló purọ́.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà ò mọ adìrẹ; ó gbà pé gbogbo ohun tó wà láyé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yẹ kó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Bó bá rí aṣọ tó dúdú bí èyí tó jáde nínú ìkòkò aró nígbà mẹ́fà, á ní ilẹ̀ ló ṣú, á sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Aró yín á ṣí. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ + àti − sí, kẹ́ ẹ fà á sí −0.7 tàbí −1. Aṣọ á padà sí ipò rẹ̀.

Ìkejì ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ ìbòji ń fi búlúù kún nǹkan, gílóòbù pupa inú ilé ń fi ìyeyè kún un. Nínú S95 mi, ibì kan wà tí wọ́n ti ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ ohun tó ń jẹ́ funfun. Mo máa ń na tẹ́rù funfun tí a ò tíì rẹ láró síbi tí mo fẹ́ ya aṣọ sí, màá jẹ́ kí kámẹ́rà wò ó, lẹ́yìn náà ni màá gbé adìrẹ lé ibẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó tún dá aṣọ padà fún mi nítorí àwọ̀.

Àárọ̀, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ní abẹ́ òrùlé tó ṣí sílẹ̀, ni mò ń yà á. Oòrùn ọ̀sán ń jẹ́ kí kàm̀pálà máa dán bí ọ̀rá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní hàn.

Ojú wa máa ń dúdú kirikiri bí a bá wọ léèsì funfun.

Òun náà ni, ó kàn yí padà ni. Funfun pọ̀ lójú kámẹ́rà, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú ènìyàn ló sì jìyà rẹ̀. Ẹ fà á sí +0.7. Léèsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn jù, ẹ jẹ́ kó tàn. Ojú ìyàwó la wá yà.

Báwo ni fọ́tò ṣe máa dé orí fóònù mi?

Ẹ ra ohun tí a ń ki káàdì bọ̀, tó ní ẹnu tó bá ihò ṣájà fóònù yín mu. Kò wọ́n. Canon S110 ti ọdún 2012 àti àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀ ní Wi-Fi, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ san owó kún owó.

Ọyẹ́ àti òjò ńkọ́?

Lẹ́ǹsì tó ń jáde tó ń wọlé ń mí bí ẹ̀dọ̀fóró, eruku ọyẹ́ sì ń bá a wọlé. Ẹ má tàn án níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yanrìn, ẹ má sì jù ú sínú báàgì pẹ̀lú owó ẹyọ àti gúgúrú. Nígbà òjò, àpótí ìjẹun oníke tó dé dáadáa ni tèmi ń sùn sí, pẹ̀lú àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Ẹ má kó o sínú ìrẹsì o. Ìyẹ̀fun ìrẹsì burú ju ọ̀rinrin lọ.

Ṣé kámẹ́rà onífíìmù ò dáa jù?

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá yín fọ fíìmù náà, kẹ́ ẹ tó wá béèrè kámẹ́rà rẹ̀.

Ṣé mo lè máa ya ẹnikẹ́ni tí mo bá rí?

Ní Ìtòkú yìí, ẹ kí ènìyàn kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. "Ẹ kú ọjà o, mo fẹ́ ya yín, ṣé kò ní bí yín nínú?" Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá á ní kẹ́ ẹ dúró káwọn tún gèlè àwọn wé. Àwọn tó kọ̀, wọ́n ti kọ̀ nìyẹn. Àwọn aláró pàápàá, ẹlòmíràn nínú wọn ò fẹ́ kí ẹ ya ìkòkò òun. Ọjọ́ Orò, èmi àti kámẹ́rà mi, inú ilé la wà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Ẹ̀yin fúnra yín, èwo lẹ ń lò?

Canon S95. Èyí tó jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù méjì nì ni. Ó ti họ ní gbogbo igun, aró ti wọ etí bọ́tìnì rẹ̀ kan, kò sì fọ̀ mọ́. Bátìrì mẹ́ta ló ní báyìí: ọ̀kan nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú pọ́ọ̀sì mi, ọ̀kan lára ṣájà. Wọ́n ti ná an lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Adìrẹ ni mò ń tà.